Omi Àlùwàlá Lábẹ́ Òrùlé Kọnkéré

Àwòrán ìkómọ àti ìgbéyàwó ni Rahama ń fi kámẹ́rà yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Challenge, ní Ìlọrin. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ilé ló wù ú láti máa yà, nítorí ilé kì í ṣẹ́jú, kì í sì í bínú pé àwòrán mú òun sanra.

Nígbà tí Hamzah, àkítẹ́ẹ̀tì pápá orin tuntun, ní kó wá ya òrùlé ìtàgé òun, Rahama mọ̀ pé tí òun bá yà á dáadáa, àwọn kọ́lékọ́lé á máa pe òun. Tí kò bá dáa, ìkómọ ni títí ayé.

Òrùlé náà yani lẹ́nu lóòótọ́: kọnkéré gbọọrọ tó yọ síta, láìsí òpó kankan níwájú tó gbé e dúró. Hamzah ní ó ń bá sánmà sọ̀rọ̀. Rahama ní òun ò gbọ́ kó sọ nǹkan, kí Hamzah sọ irú àwòrán tó fẹ́. Hamzah ní kí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, kí sánmà ṣì wà ní búlúù, kó má sì sí èèyàn kankan níbẹ̀. Eré orin máa wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó máa yà á, ṣùgbọ́n Zakari tó ń ṣọ́ géètì kò ní ṣí i fún àwọn òǹwòran kí Rahama tó yà á tán.

Rahama ti ro ti oòrùn dáadáa. Ó ti ro ti ìrun tirẹ̀ náà: tó bá yàwòrán tán, á sáré kírun. Ti àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì ni kò rò. Bí oòrùn ṣe wọ̀, wọ́n pe ìrun Màgáríbì. Erùpẹ̀ ni ìta, ilẹ̀ inú pápá sì mọ́ tónítóní, ó ń dán. Ará Ìlọrin wo ló máa ti géètì mọ́ ẹni tó fẹ́ kírun? Zakari ṣí i. Wọ́n wọlé, àwọn kan gba bútà omi rẹ̀, àwọn kan fẹnu já ọ̀rá omi, wọ́n ń ṣe àlùwàlá níwájú ìtàgé.

"Bọ̀dá Zakari, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Zakari ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbójú sókè. "Ṣé kí n sọ fún Ọlọ́run pé àwòrán lò ń yà ni? Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn. Lọ to sáfù."

Fóònù ń dún, Hamzah ni. Rahama pa fóònù, ó ṣe àlùwàlá, ó wọ sáfù, ìlà àwọn obìnrin tó ń kírun. Ara rẹ̀ wà nínú ìrun, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ sánmà.

Nígbà tí wọ́n fi máa sàlámà parí ìrun, ilẹ̀ ti ń ṣú. Zakari kó gbogbo wọn padà síta kí wọ́n lọ fi tíkẹ́ẹ̀tì wọn hàn. Rahama padà sídìí kámẹ́rà láti kó ẹrù rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i pé omi àlùwàlá ti tàn ká ilẹ̀ dídán yẹn. Òrùlé wà lókè, òrùlé wà nísàlẹ̀ nínú omi, ìyókù sánmà búlúù sì wà láàárín wọn. Ó yà á. Ó tún un yà kí omi tó gbẹ.

Nígbà tí Hamzah rí àwòrán náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. Lẹ́yìn náà ló ní òun máa kọ "Dígí Ayérayé" sábẹ́ rẹ̀.

"Omi àlùwàlá ni, sà. Èmi kọ́ ni mo dà á síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Hamzah rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé kan wà lọ́nà Ipata tí òun fẹ́ kó yà, àmọ́ kó máa gbé fóònù tí òun bá pè é.

Rahama ní tí kì í bá ṣe àsìkò ìrun, òun á gbé e.