Pátákó Tó Bo Ilé Agbẹ̀bí

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yìí kò dé àdúgbò Ọlọ́dà, níbi tí pátákó kan ti ń yọrí lókè èjìká èkejì.

Ọwọ́ Ọlọ́dà ni gbogbo wọn ti jáde. Ọlọ́dà, afi-búrọ́ọ̀ṣì-sọ̀rọ̀, akọrúkọ-oníṣòwò-bí-ẹni-kọ-oríkì. Bí télọ̀ bá gbé pátákó kọ́ lónìí, alágbàfọ̀ á dé lọ́la: "Tèmi gbọ́dọ̀ ju tiẹ̀ lọ." Ọlọ́dà á rẹ́rìn-ín, á po ọ̀dà. Kò ní pẹ́ tí onífọ́tò á fi dé, tòun gbọ́dọ̀ ju ti alágbàfọ̀. Ti Ọlọ́dà fúnra rẹ̀ ló wá tóbi jù, ó nà láti ara ògiri rẹ̀ títí dé orí títì, nítorí ta ni yóò gbéṣẹ́ fún akọpátákó tí ojú kò rí?

Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ìlú dúró sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ẹ kúuṣẹ́, bàbá. Gbogbo pátákó tó yọ sójú ọ̀nà la fẹ́ gbé sọ̀ kalẹ̀. Tiyín ló tóbi jù, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀."

"Ara ògiri mi ni mo kàn án mọ́."

"Ẹ ni ògiri, bàbá. Ẹ ò ni ibi tó nà dé."

"Afẹ́fẹ́ ló nà dé. Ìjọba ti wá ra afẹ́fẹ́ ni?"

"Gbogbo ará ìlú ló ni ín. Awakọ̀ ò rí ẹni tó ń sọdá mọ́. Bí ìjì bá sì já a lulẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti ń gbàdúrà sí ti ìjì."

Ọmọkùnrin náà họrí. "Àmín. Ẹ ṣáà bá wa gbé e sọ̀ kalẹ̀."

Ọkàn Ọlọ́dà dàrú. Bí ó bá yọ ọ́, báwo ni iṣẹ́ yóò ṣe mọ ilé rẹ̀? Bí kò bá yọ ọ́, wọn á wá fi tipátipá yọ ọ́. Ohun tí èèyàn kọ kí ayé lè rí, ṣé ó wá burú kí ayé rí i ni?

Ibi tó ti ń rò ó ni ọkọ̀ kan ti dúró gìrì. Awakọ̀ náà yọrí.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé agbẹ̀bí? A ti yí àdúgbò yìí ká títí. Ìyàwó mi ń rọbí."

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́dà ni agbẹ̀bí náà, ọmọ ìyá rẹ̀. Ọlọ́dà fúnra rẹ̀ ló kọ pátákó rẹ̀. "Òun nìyẹn," ó nawọ́, ọwọ́ náà sì dúró sófuurufú. Ó rí sísọ́ọ̀sì ńlá ti télọ̀. Ó rí eyín funfun tó wà lára ti onífọ́tò. Kò rí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tẹ̀, ó nà, ó yí ọrùn bí adìẹ tó gbúròó àwòdì. Kò sí. Pátákó ti bo iwájú ilé gbogbo, kò dá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ mọ́; ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré níwájú ọkọ̀, ó ń yẹ ilẹ̀kùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbé obìnrin náà wọlé tí igbe ọmọ fi ta. Agbẹ̀bí yọjú.

"Àbúrò mi, díẹ̀ ló kù kó bí i sínú ọkọ̀."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Màá kọ òmíràn fún yín, ńlá, kó ju ti gbogbo wọn lọ."

"Tí alágbàfọ̀ bá wá ní kí tòun ju tèmi lọ ńkọ́?"

Ọlọ́dà mọ̀ pé òun á kọ ọ́ fún alágbàfọ̀ náà.

"Ta ló tilẹ̀ bò yín mọ́lẹ̀ tó báyìí?"

"Ìwọ ni. Tìẹ ló dí mi lójú títì, ó ti pẹ́. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

"Olúwa, là mí lójú," ni Ọlọ́dà ń wí bó ṣe ń padà. Ojú tó mọ àwọ̀ ọ̀dà lóríṣiríṣi, tí kò rí ilé ọmọ ìyá rẹ̀, kí la ó ti pè é? Kò sì tíì yé e ohun tí òun yóò máa jẹ lọ́la.

Ọmọ ọ́fíìsì ìlú ṣì dúró níbẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ ti rò ó?"

"Mi ò tíì rò ó tán." Ó wọlé, ó gbé àkàbà jáde, ó fi ti ògiri. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."