Ta Ló Ni Ilé Ẹ̀yìn?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn adíyelé ìjọba, àwọn tó ń díye lé ilé, ń bọ̀ wá wo ilé wa l'Órozo, bàbá mi ń to igi ìdáná lé orí bọ́ọ̀hóòlù. Wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n ń gbé igi bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀.

"Ẹ rọra o, ẹ̀yìn yín," ni màmá mi ń wí.

"Ẹ̀yìn ò ṣòro, Beatrice. Bílì ìjọba ló ṣòro."

Bàbá Ọládùnjoyè, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ló gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ilé tiwọn wà ní Bwari. Nígbà kan tí àwọn adíyelé kan wá wo ilé náà, Bàbá Ọládùnjoyè fi yangàn débi pé wọ́n ní kí àlejò fọwọ́ pa táìlì balùwẹ̀ wò. Kí ọdún tó yí po, bílì owó orí ilé dé, gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́ igbe. "Titus," ni wọ́n wí fún bàbá mi, "bí wọ́n bá dé, ahéré lo ní o. Wọ́n á ní tìtorí ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ là làwọn ṣe wá. Irọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń pa nìyẹn."

Ilé iwájú tí à ń gbé kò ní nǹkan kan tó pọ̀. Ilé ẹ̀yìn lẹ̀mí wa wà. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi ló kọ́ ọ, owó àyálégbé ibẹ̀ la sì ń jẹ. Àwọn àyálégbé ti lọ síbi iṣẹ́. Màmá mi fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn àbáwọlé ibẹ̀, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi.

Mo sọ fún wọn ní ilé ìdáná, mo rẹ ohùn sílẹ̀: "Mọ́mì, Tolú tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Jabi, ó ní òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí. Ó ní wọ́n á sanwó gbogbo ohun tí wọ́n bá bá lórí ilẹ̀."

"Tolú wo? Tolú tí kò mọ ìrẹsì í sè? Òun àtìwọ lẹ fẹ́ wá kọ́ Bàbá Ọládùnjoyè lọ́gbọ́n?"

Mo wolẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: bí àgbà bá sọ̀rọ̀ tán, ilẹ̀ ni ọmọ ń wò.

Adíyelé tó wá, Adéyẹmọ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó tú téèpù rẹ̀. Japheth, ìránṣẹ́ baálẹ̀, ló mú un kiri. Ó wọn ilé yí ká, ó fi ìka kan ògiri kó-kó-kó, ó wo òkè àjà, ó ka igi máńgòrò.

"Ilé yín dúró dáadáa, Bàbá."

"Ahéré ni. Ibi tí a ń forí pamọ́ sí."

"Ahéré oní-sílíǹgì!" Adéyẹmọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ń jò," ni bàbá mi wí. Ilé tí kò jò rí.

Adéyẹmọ ká téèpù rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín sọ òótọ́. Ọ̀nà ló máa gba ibí kọjá. Ohun tí mo bá rí ni wọ́n á san owó rẹ̀ fún yín."

Bàbá mi ṣẹ́jú sí màmá mi. Ohun tí Bàbá Ọládùnjoyè sọ gẹ́lẹ́!

"Ilé tó wà lẹ́yìn yẹn ńkọ́? Ta ló ni ín?"

"Ti Sàkáríyà ni, aládùúgbò wa."

"Dádì…" ni mo ní.

"Kíkẹ́olúwa, lọ bu omi wá fún àlejò."

Nígbà tí mo gbé omi dé, wọ́n ti wà níwájú ilé ẹ̀yìn, Aláàjì Sàkáríyà tí bàbá mi ránṣẹ́ pè sì ti débẹ̀, ó ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó sọ. Ará Ọ̀fà ni, òun ló ń fi mọ́tò gbé bàbá mi lọ sí ọ́fíìsì nígbà tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí àwọn méjèèjì ṣe fẹ́ràn ara wọn, wọn ò ní fẹ́ràn ọmọ ìyá tó bẹ́ẹ̀.

"Yauwa! Èmi ni mo ni ín," ni Aláàjì wí. "Kai, ta ni ò bá tún ni ín?"

Adéyẹmọ gbé síléètì kékeré tó ní nọ́ńbà lé e lọ́wọ́, ó ní kó gbé e sáyà kí òun ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ilé. Aláàjì nà bí ṣọ́jà. Bàbá mi fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa wọ́n.

Japheth wá ní, "Aláàjì, ẹ mú nọ́ńbà báńkì yín wá sí ààfin lọ́la o."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá mi. "Nọ́ńbà báńkì? Fún kí ni?"

"Ibẹ̀ náà ni wọ́n máa san owó ilé sí, Bàbá."

Kò sẹ́ni tó ń gba owó orí tó ń bèèrè báńkì ẹni. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá mi lára bí omi tútù. "Adéyẹmọ, ọmọ mi, ilé yìí… èmi gan-an ni…"

"Èmi náà á sọ ọ́," ni Aláàjì Sàkáríyà wí. "Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. À ń ṣeré ni."

"Eré, pẹ̀lú síléètì láyà?" Adéyẹmọ ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo bi yín, ẹ dáhùn. Japheth ń gbọ́. Bí mo bá yí i padà báyìí, wọ́n á ní mo ti gba owó ẹ̀yìn. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì, sà."

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ìjọba wọn gbà lọ́wọ́ aráàlú. Wọ́n mọ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sùn sí.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Aláàjì di ọwọ́ bàbá mi mú. "Titus, ohunkóhun tó bá wọlé, tìẹ ni. Mo fi Ọlọ́run búra." A gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra ni, àwọn ọmọ rẹ̀ sì pọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn àyálégbé tó dé, Ràdíátù, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, gba géètì wọlé pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n rìn yí ilé ẹ̀yìn ká, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Bàbá mi jókòó lórí igi ìdáná tó bo bọ́ọ̀hóòlù. Ràdíátù kúnlẹ̀ kí wọn, ó kí wọn dáadáa, kò sí àrífín kankan níbẹ̀.

"Bàbá, Japheth ló sọ fún wa lónìí pé bàbá wa nílé síbí. Ẹ wo bí àgbà ṣe ń ṣe, wọn ò sọ fún wa rárá! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

Màmá mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá mi gbójú sókè, èmi ni wọ́n ń wò, bí ẹni tó fẹ́ kí n sọ nǹkan.

Mo wolẹ̀. Mo di etí ìró mi mú.