Gáàsì Tí Kì Í Rùn

Ọwọ́ ni oníṣẹ́ fi ń jẹun. Nígbà tí iná jó ọwọ́ Suara, oúnjẹ ilé rẹ̀ ló jó.

Fíríìjì ni Suara ń tún ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin l'Ágége. Láti ìgbà tó ti ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè é sí ilé ńlá kan ní Ìkẹjà GRA pé fíríìjì àwọn kò tutù mọ́. Wọ́n ti fèrèsé ilé ìdáná pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Suara gé páìpù ẹ̀yìn fíríìjì náà, gáàsì tó kù nínú rẹ̀ tú jáde, kò sì gbóòórùn kankan. Ó ṣáná sí ohun tó fi ń jó páìpù pọ̀. Gbogbo ohun tó rántí lẹ́yìn ìyẹn kò ju pé ilẹ̀ ló kọ́kọ́ gbiná, kó tó wá gun ara òun.

Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa dá a sílẹ̀ ní ọsíbítù, àwọn ìka rẹ̀ ti ká kò bí ewé tí oòrùn pa, kò lè so okùn ṣòkòtò ara rẹ̀ mọ́. Àrínọlá ìyàwó rẹ̀ ló ń so ó. Bó bá ti ń so ó, ògiri ni Suara máa ń wò.

Kò pẹ́ tó fi rí ẹni tó máa di ẹ̀bi náà rù. Mùíbì ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Mùíbì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù wọn sì fara kanra. Mùíbì ni wọ́n kọ́kọ́ pè sí ilé GRA yẹn; ó ní ara òun kò yá, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún Suara.

"Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀," ni Suara ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i. "Ó ti ṣe mí."

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sílé. Ó dé mọ́ṣáláṣí, ó dé etí àwọn oníbàárà. Ta ló máa gbé fíríìjì fún ẹni tí wọ́n ní ó finá jó ọ̀rẹ́ rẹ̀? Àrínọlá náà gbà á gbọ́. Ó tiẹ̀ gbà á gbọ́ ju ọkọ rẹ̀ lọ: lọ́jọ́ tí Mùíbì gbé ọsàn wá kí wọn, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò jẹ́ kó wọlé. Nígbà tó yá, Mùíbì palẹ̀ mọ́, ó kó lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Aṣọ ọmọdé tí Àrínọlá ń tà kò lè bọ́ ilé. Ó gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ fíríìjì ní ibì kan n'Íkẹjà, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá-ńlá yẹn, tí wọ́n sì ń gba obìnrin.

"Bàbá Uswat, mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ yín."

"Iṣẹ́ tó jó mi?"

"Irinṣẹ́ yín ń dógùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwa náà ń dógùn-ún nínú ilé."

Suara kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ Ajé, Àrínọlá lọ.

Obìnrin kan tí kì í pariwo, Olúṣẹ̀yẹ lorúkọ rẹ̀, ló ń kọ́ wọn. Kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn fíríìjì ló kó gbogbo wọn lọ. Ó fi ìka kan àmì pupa rúsúrúsú kékeré kan tí wọ́n ya iná sí lára.

"Bí ẹ bá rí èyí, gáàsì inú rẹ̀ ń gbiná. Kì í ṣe ti àtijọ́ tí àwọn ọ̀gá wa mọ̀. Kì í rùn bíi gáàsì ìdáná, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti tú jáde. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ sùn sí. Ẹni tó bá ṣáná, ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbiná."

Ohun tí Suara sọ gan-an nìyẹn. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ṣé ẹnì kan lè ṣe é kó gbiná mọ́ ẹlòmíràn?"

"Ẹnì kan báwo?"

"Bí ọ̀tá."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olúṣẹ̀yẹ kò rẹ́rìn-ín. "Gáàsì ò mọ ọ̀tá, Ìyá Uswat. Yàrá tí wọ́n tì pa ló mọ̀, àti iná."

Àrínọlá kọ́ iṣẹ́ náà. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí fèrèsé, tí wọ́n ń yọ pọ́ọ̀gì kúrò lára iná, tí wọ́n ń fi rọ́bà darí gáàsì àtijọ́ jáde sí gbangba. Ó kọ́ pé ibi tó ń jò ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá, torí ẹni tó rọ gáàsì sínú fíríìjì tó ń jò, inú ajádìí apẹ̀rẹ̀ ló ń pọnmi sí. Wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, wọ́n ń gbé gáàsì tuntun sórí òṣùwọ̀n, torí bíńtín ni fíríìjì ń fẹ́. Páìpù tí wọ́n bá gé, wọ́n ń fi irin fún un pọ̀ ni, wọn kì í jó o.

Ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń wúwo. Ojoojúmọ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà délé, tó ń gbé e mì. Bó bá sọ ọ́, ta ló máa kù tí Suara máa bínú sí? Bí kò bá sì sọ ọ́, Mùíbì ló ń ru ẹrù ẹlẹ́rù kiri.

Ìyá Abdulqoyum tó wà ládùúgbò ló kọ́kọ́ gbé fíríìjì wá fún un. Àrínọlá gbé e síta, sí gbangba. Suara jáde wá, ó jókòó, ó ń wò ó. Nígbà tó rí i tó ń fi irin fún páìpù pọ̀, kò lè mú un mọ́ra.

"Ṣáná sí i, kó o jó o pọ̀. Kí lò ń fi jáfara?"

"Ẹ má bínú. Iná ò gbọdọ̀ sún mọ́ èyí."

"Èmi lò ń kọ́ níṣẹ́?"

Àrínọlá yí ẹ̀yìn fíríìjì sí i. Ó fi ìka kan àmì iná náà. "Ẹ wò ó."

Suara bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àmì náà.

"Gbogbo wọn ló ní i?"

"Gbogbo èyí tó ń lo gáàsì yìí."

"Ti GRA yẹn ńkọ́?"

Àrínọlá lè parọ́. "Mi ò sí níbẹ̀," ló sọ. "Ṣùgbọ́n ẹ ní ilẹ̀ ló kọ́kọ́ gbiná."

Suara jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo rí i," ló sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Mo rí àwòrán yẹn. Mo rò pé wọ́n ní ká ṣọ́ra fún iná NEPA ni."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì gba Abúlé Ẹ̀gbá lọ. Wọ́n bá Mùíbì lábẹ́ agboòrùn, ó ń ta àpò fóònù. Suara dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè gbé e, àyà ló fi balẹ̀. Àrínọlá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mùíbì gbé Suara dìde, ó fi ọwọ́ gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù.

"Mo ti dárí jì yín. Ó ti tán."

"Padà wá s'Ágége," ni Suara wí. "Màá lọ bá wọn ní mọ́ṣáláṣí. Màá sọ fún gbogbo wọn."

"Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ Ọ̀yọ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní àwọn ò fọmọ fún ẹni ibi. Ta ni mo fẹ́ padà lọ bá?" Oníbàárà kan dúró, Mùíbì sì yíjú sí i. Kò tún wo ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Suara lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sọ ọ́. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan ní ẹ̀rù Mùíbì ló ń bà á.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mìíràn wọlé, ó tẹ̀ lé Àrínọlá lọ sí Ìkẹjà, níbi tó ṣì ti ń kọ́ṣẹ́. Kò wọlé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ géètì ló jókòó sí títí wọ́n fi ṣíwọ́. Wọ́n jọ ń rìn lọ sí ibi ọkọ̀, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tú jáde láti ilé iṣẹ́ gbogbo.

"Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" ni Suara bi í.

Àrínọlá sọ fún un, díẹ̀díẹ̀. Suara ní kó tún ti òṣùwọ̀n yẹn sọ, ó tún un sọ. Suara na ọwọ́ láti bá a gba báàgì irinṣẹ́ èjìká rẹ̀. Àwọn ìka náà kò lè dì í mú. Ó rọra sọ ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń bá ọ̀nà lọ.