Ọmọ Inú Ẹnu Epìyà

Ní ọdún kejì lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n, apẹ̀rẹ̀ ẹja Ìbíkẹ́ kún dẹ́nu ní èbúté Ìwòpin, ṣùgbọ́n Asimawu, oníbàárà rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, kọ̀ ọ́.

"Epìyà tí mo mọ̀, funfun ni. Ṣé inú ààrò lo ti mú ìwọ̀nyí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, odò inú igbó ni. Omi ibẹ̀ ló dúdú."

"Omi wo ló ń rẹ ẹja láró? Ẹja mìíràn nìyí, n kò rà."

Oòrùn ti ń mú. Bí Asimawu bá lọ, gbogbo ẹja náà yóò bàjẹ́. Ìbíkẹ́ mú abo kan tí ó ṣì ń mí, ó fi í sínú igbá omi, ó sì rọra la ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó kó sẹ́nu tú jáde, àwọn kan funfun, àwọn kan dúdú.

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Nínú omi dúdú, ẹyẹ tètè ń rí àwọn funfun, ó sì ń kó wọn jẹ. Àwọn dúdú ló ń ṣẹ́kù tí wọ́n ń bímọ."

Asimawu bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé ọ̀kan náà lèmi àti ẹyẹ yìí, funfun la jọ ń ṣà!"

Ó ra gbogbo rẹ̀, àfi ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n dá padà sómi.