Ṣíbí Iyọ̀ Kan, Ìgò Omi Kan

Mùkáílà tu omi náà síta. Ó ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sí ọrùn, ó sì rin aṣọ Hidayah gbindin, ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ló ń dun Hidayah. Ó tún bu ṣíbí mìíràn. Ọmọ náà di ẹnu pinpin, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ètè rẹ̀ ti gbẹ bí èèpo àlùbọ́sà.

"Fi í sílẹ̀ kó sinmi," ni Ìyá Àgbà wí láti ẹnu ọ̀nà, níbi tó jókòó sí lórí àpótí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Ọmọ tí omi ń ya lára rẹ̀, o tún ń da omi sí i lẹ́nu. Níbo lo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbà?"

"Ìyá Àgbà, omi yìí ló máa gbà á là. Wọ́n kọ́ wa."

"Wọ́n kọ́ yín."

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn ìyá arúgbó náà, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni. Láti ìdájí ni Mùkáílà ti ń yàgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ náà kò sì jọ ìgbẹ́ mọ́, omi lásán ni. Àbdùlgàfár, bàbá ọmọ náà, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Hidayah, kò sí nílé. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ibodè láti wá Suwebat ìyàwó rẹ̀, tó lọ ra aṣọ títà tí kò sì tètè dé. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti ti ibodè pa, kò sí ẹni tó lọ sí Àjàṣẹ́ tó lè sọ ìgbà tí òun máa padà. Ilé wá ku ìyá arúgbó kan, ọmọdébìnrin tí kò tíì parí ilé-ìwé girama, àti ọmọ kékeré tí ojú rẹ̀ ti ń jìn wọnú.

Ó sì ṣe kòńgẹ́ pé Sátidé ìmọ́tótó ló bọ́ sí. Ẹni tó bá gbọ́n ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kọjá gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Ìjọba ní kí oníkálukú gbálẹ̀, kí ó ro oko, kí ó kó pàǹtí, títí fèrè yóò fi dún. Wọ́n wá fi ṣọ́jà sí oríta, bí ẹni pé ìdọ̀tí náà ní ìbọn. Gbogbo Àgbádárìgì dákẹ́. Ariwo ìgbálẹ̀ nìkan lèèyàn ń gbọ́, àti ti afẹ́fẹ́ ọ̀sà lára imọ̀ àgbọn.

Hidayah mọ ohun tó ń ṣe, ó kéré tán lójú ara rẹ̀. Ní ilé-ìwé wọn, Tíṣà Olúkáyọ̀dé, ará Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín àfi bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú. Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Ìlera lorúkọ rẹ̀. Wọ́n máa ń yí rédíò Tíṣà ká, wọ́n á gbọ́ ètò ìlera tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọdé, lẹ́yìn náà Tíṣà á mú wọn ṣe ohun tí wọ́n gbọ́: bí a ṣe ń di egbò, bí a ṣe ń fa ẹni tó kó sómi jáde láìbá a lọ, bí a ṣe ń se omi kí a tó mu ún. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni omi tí a ń fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Ṣíbí iyọ̀ kan, ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá, ìgò omi kan. Hidayah mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ Fátíhà. Ó so aṣọ aláwọ̀ ewé ti ẹgbẹ́ mọ́ apá, ó ń wọlé tọ àwọn ìyálọ́mọ àdúgbò mọ́ṣáláṣí, ó ń kọ́ wọn láìgba nǹkan kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Dókítà Kékeré. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló yí padà nínú ẹ̀kọ́ náà. Ìgò bíà ni Tíṣà fi kọ́ wọn. Ta ni yóò wá gbé ìgò bíà wọ ilé tí wọn kì í dárúkọ ọtí láìfi àsìtafirúlà sí i? Hidayah fi ìgò ẹlẹ́rìndòdò rọ́pò rẹ̀. Ìgò kúkú ni ìgò ń jẹ́. Àwọn ìyálọ́mọ yìn ín fún làákàyè yẹn, ìyìn náà sì wọ̀ ọ́ lára débi pé kò rántí sọ fún Tíṣà rárá.

Mùkáílà kò mọ̀ pé dókítà ló wà níwájú òun. Èyí tí Hidayah rí dà sí i lọ́fun, ó bì í. Bí ó bá sì gbé e mì, òùngbẹ rẹ̀ á tún le sí i, yóò máa na ọwọ́ sí ìkòkò omi tó wà ní igun yàrá. Hidayah kò fún un ní omi ìkòkò. Omi oníyọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ, omi oníyọ̀ náà ló ń fún un, ó sì ń bínú sí ọmọ náà díẹ̀, nítorí ó dàbí ẹni pé ó fẹ́ dójú ti òun lójú Ìyá Àgbà.

Nígbà tó yá, Mùkáílà bú sẹ́kún. Ẹnu rẹ̀ là, ojú rẹ̀ rún, ṣùgbọ́n omi kankan kò jáde lójú. Tíṣà ti sọ fún wọn pé bí ọmọ bá ń sunkún tí kò lómijé, kí ẹnikẹ́ni má jókòó tì í nílé mọ́, ọsibítù ló kàn.

Hidayah pọn ọmọ náà, ó so aṣọ ewé mọ́ apá, ó sì bọ́ sí títì kí Ìyá Àgbà tó rí ohùn sọ.

Kò rìn jìnnà. "Wía yù dè gò?" ni ṣọ́jà oríta bi í. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa. Hidayah fi apá hàn án. Ó ní ẹgbẹ́ ìlera ni òun, ó ní ọmọ ẹ̀yìn òun ń kú lọ. Ṣọ́jà náà fi ìka méjì gbé aṣọ ewé náà wò bí ẹni ń wo aṣọ òkìrìkà. Ó bi í pé ta ló fún un láṣẹ. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ kọjá báyìí báyìí, bí wọ́n bá bá ẹnikẹ́ni lójú títì, òun ni wọ́n máa fi jófin. Ó ní kí ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, kí ó máa fa koríko.

Hidayah kúnlẹ̀, ó ń fa koríko pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn tó ń gbálẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà rí i, wọ́n sì tẹjú mọ́ ìgbálẹ̀ wọn. Òun náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí Ìyá Àgbà dé láìwé gèlè, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ṣọ́jà tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí ọkùnrin ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ojú ti ṣọ́jà náà. Ó yí ojú sí ọ̀nà Gbaji tí ọ̀gá rẹ̀ máa gbà yọ, ó sì fọwọ́ júwe ilé fún wọn. Ilé o, kì í ṣe ọsibítù.

Wọ́n padà sínú yàrá. Yàrá náà ti wá há sí i. Ìyá Àgbà jókòó, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń fi etí aṣọ fẹ́ ẹ, kò sì bá Hidayah wí. Ìbá kúkú bá a wí. Hidayah ń ro Suwebat, bí yóò ṣe sọ̀kalẹ̀ létí ọ̀sà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí, tí yóò máa bèèrè ọmọ. Ó mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin máa wá sọ fún un. Ó ti gbọ́ ọ rí nílé ẹlòmíràn: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni wọ́n ń pè é. Hidayah rò ó pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ nínú ilé yìí, òun yóò sá kúrò ní Àgbádárìgì.

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Kò pariwo, ó kàn jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, omijé sì ń dà. Èyí tó ṣàn dé ẹnu rẹ̀, ó lá a.

Nígbà náà ni ó tún lá a.

Omijé kò níyọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ohùn Tíṣà sì padà sí i létí, ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó po omi náà tán: ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ọmọ, kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ṣíbí náà lọ láti ẹnu dé ẹnu lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò dé ẹnu Hidayah. Inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni wọ́n wà. Òun àti àwọn tó ń gbààwẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wo àwọn tó ń tọ́ ọ wò, wọ́n sì ń fi ara wọn yangàn pé àwọn kò jẹun. Ààwẹ̀ parí, ìtúnu dé, ó kọ́ ìdajì àdúgbò, omi náà kò kan ahọ́n rẹ̀ rí.

Ó nawọ́ gán ìgò ẹlẹ́rìndòdò náà, ó sì gbé e kan ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ súnkì. Omi òkun ni, pẹ̀lú ṣúgà.

"Kí ló dé?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

Hidayah ti gbé ìgò náà sílẹ̀. Ó ti jáde sí iwájú ilé. Ní òdìkejì gọ́tà, Zinsu aládùúgbò wọn ń kó ẹrẹ̀. Ègùn ni Zinsu, ó máa ń ta bíà níwájú ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, nítorí èyí Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ọmọ ilé òun yà síbẹ̀.

"Bọ̀dá Zinsu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìgò bíà kan."

Zinsu na ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀. "Ìwọ? Òfìfo àbí ẹ̀kún?" Ó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ví lọ ńkọ́? Ọmọ yẹn, kò tíì san?"

"Òfìfo ni, ẹ jọ̀wọ́."

Ó wo oríta, ó rí i pé ṣọ́jà kọ ẹ̀yìn, ó sì na ìgò kan sí i lórí gọ́tà. "Mawu a ṣọ́ ọ," ni ó wí jẹ́jẹ́, ó fi èdè rẹ̀ pe Ọlọ́run.

Bí Hidayah ṣe gbé ìgò náà wọlé, Ìyá Àgbà wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé irú èyí ni tíṣà yín fi kọ́ yín?"

"Irú rẹ̀ ni, mà."

"O sì mọ̀."

Hidayah tẹrí ba. Ìyá Àgbà gbé ọmọ fún un, ó gba ìgò náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ń ṣe bísímílà lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló bu omi tútù tí wọ́n ti sè kún ìgò ẹlẹ́rìndòdò, ó sì dà á sínú ti bíà. Omi náà dé ìdajì, ó dúró. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Ìyá arúgbó náà tún bu omi kún ti ẹlẹ́rìndòdò lẹ́ẹ̀kejì, ó dà á sí i, ìgò bíà sì wá kún dé ọrùn.

Iyọ̀ ìgò méjì ni Hidayah ti ń dà sínú ọ̀kan.

"Ṣúgà ti tán nínú agolo," ni ó wí.

Ní ọdún yẹn, ẹni tó ní ṣúgà nílé kì í sọ ọ́ síta. Ìyá Àgbà tú àpótí aṣọ rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì fa ọ̀rá kan jáde. "Èyí tí mo ń fi mu ẹ̀kọ," ni ó wí. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Wọ̀n ọ́n." Nígbà tí wọ́n pò ó tán, Hidayah tọ́ ọ wò. Ìyá Àgbà náà tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé, bí ẹni pé ó ń rántí àwọn ẹkún tó ti sun láyé rẹ̀, kí ó lè mọ èyí tí yóò fi wé e.

"Kò jù ú lọ," ni ó wí.

Wọ́n fún Mùkáílà ní ṣíbí kan. Ó gbé e mì, ó sì ya ẹnu de òmíràn. Wọ́n rọra ń fún un, díẹ̀díẹ̀, Ìyá Àgbà sì ń kọrin tí kò lórí tí kò nídìí sí i létí. Ó bì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní sùúrù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti wọ yàrá nígbà tí Ìyá Àgbà sún ẹsẹ̀ lójijì, tó gbé aṣọ rẹ̀ wò. Ọmọ náà ti tọ̀ sí i lára, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìdájí.

"O ṣeun," ni Ìyá Àgbà sọ fún un, ó sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. "O ṣeun, ọkọ mi. Tún tọ̀."

Fèrè dún níta, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ìyá Àgbà pọn Mùkáílà, ó ní òun ń gbé e lọ sí ọsibítù kí dókítà gidi wò ó. Kò fi ọ̀rọ̀ náà gún Hidayah lára, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó bà náà ló bà. Ó tú aṣọ ewé kúrò ní apá rẹ̀, ó sì fẹ́ tẹ̀ lé ìyá náà. Ó dé àárín yàrá, ó dúró.

Lánàá ni ó jókòó ní ilé Fàúsátù lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ọmọ Fàúsátù ń yọ eyín, ó sì ń yàgbẹ́. Hidayah fi ìgò ẹlẹ́rìndòdò kọ́ ọ, Fàúsátù gbàdúrà fún un, ó ní kí Ọlọ́run fi irú rẹ̀ ta òun lọ́rẹ. Àti ṣáájú Fàúsátù, àwọn mìíràn.

"Ìyá Àgbà, ẹ máa lọ. Mo ní ibi tí mo fẹ́ dé."

Ìyá arúgbó náà rí ìgò bíà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ ibi tó ń lọ. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó jù ú sí i. "Fi bò ó. Àwọn èèyàn máa tó lọ kírun."

Hidayah fi ìborùn yí ìgò náà ká dáadáa, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì jáde. Lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, àwọn ìyálọ́mọ tó mọ̀ ọ́n ti ń kí i láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn: Dókítà Kékeré, ẹ kú iṣẹ́. Ó dá wọn lóhùn, ó sì wo ohun tó gbé mọ́ àyà. Nínú aṣọ, kò yàtọ̀ sí ìgò yòówù. Ẹni tó bá rí i báyìí kò lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Ó tú ìborùn náà, ó gbé e kọ́ èjìká. Ó di ìgò bíà náà mú ní ọrùn, ó sì yà sí ilé tó kọ́kọ́ kàn.