Àga Màmá Abuké

Gúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà náà, nítorí ohun tí kò bá gún régé kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Pákó tó bá ní kókó lára, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilẹ̀kùn tó bá yẹ̀ bíńtín, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Bó ṣe ń ṣe sí igi náà ló ń ṣe sí èèyàn. Nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti rọ láti kékeré, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun níṣẹ́, kò tilẹ̀ ní kó jókòó.

"Iṣẹ́ ìdúró niṣẹ́ yìí," ló wí. "Lọ wá èyí tó bá ẹsẹ̀ rẹ mu."

Ọmọbìnrin náà kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ọdún kẹfà lẹ́yìn ìyẹn, ayùn oníná gé ìka mẹ́ta dànù lọ́wọ́ ọ̀tún Gúnrégé. Àtàǹpàkò àti ìka tó kéré jù ló ṣẹ́ kù. Egbò jinná, ṣùgbọ́n ọkàn kò jinná. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì ń ki ọwọ́ náà bọ àpò sòkòtò láti àárọ̀ dalẹ́, kódà tó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ jẹun.

"Èmi tí mo máa ń ju pákó tó ní kókó nù," ló sọ fún un lọ́jọ́ kan, "ta ni kò ní ju èmi náà nù?"

"Èmi ò ṣáà tíì jù yín nù," ni ìyàwó rẹ̀ fèsì, "bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń han-anrun láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín."

Oṣù méje kọjá bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nígbà náà.

"Bàbá, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yìn arúgbó kan ló wọ́ ní tèmi. Àga méjì ni mo ti kàn fún màmá náà, kò rí èyí tó lè jókòó sí. Ẹ bá mi wò ó."

"Ṣé o ò rí ọwọ́ mi ni?"

"Mo rí i. Ojú yín ni mo wá yá."

Gúnrégé wọ bàtà, ó tẹ̀ lé e.

Orí ibùsùn ni wọ́n bá màmá arúgbó náà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Abuké ni, àga tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un ti gún un níké títí ó fi sọ pé ó tó. Gúnrégé yẹ àga náà wò. Kò ní àbùkù kankan. Irú èyí tí òun náà ì bá kàn gẹ́lẹ́ ni, ohun tó sì burú nínú rẹ̀ nìyẹn.

"Igi lo wọ̀n," ló sọ fún ọmọ àbúrò rẹ̀. "O ò wọn màmá."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò lè wọn ẹ̀yìn èèyàn. Ọ̀kan á di téèpù mú, èkejì á máa tọ eegun lọ. Gúnrégé dúró títí, nígbà tó yá, ó yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde. Ó fi ìka méjèèjì gbá iké náà mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń retí kí màmá náà sá fún un. Màmá yíjú wò ó.

"Mélòó ló kù?"

"Méjì ni, Màmá."

"Ó tó. Yàtọ̀ sí dókítà, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn. Ọwọ́ rẹ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Má tíì gbé e kúrò."

Gúnrégé kò gbé e kúrò. Omi lé sí i lójú, ó ṣe bí ẹni ń ka nọ́ńbà ara téèpù.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe àga tuntun. Ọwọ́ òsì ni Gúnrégé fi ń fa ìlà sára pákó, ìlà náà sì ń rìn wọ́gọwọ̀gọ bí ekòló. Ọmọ àbúrò rẹ̀ jókòó lórí àpótí gíga, ó ń gé e. Ní ọjọ́ kẹta, Gúnrégé fi pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́sí kò dáa. Ẹsẹ̀ rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ìgbéraga mi ni. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lójú iṣẹ́.

"Ó dùn mí, Bàbá. Ẹkún ni mo sun délé." Ó mú ayùn rẹ̀. "Mo ti gbọ́. Ẹ bá mi di ibí mú kí n gé e."

Gúnrégé fi ìka méjì rẹ̀ dì í mú, pákó náà kò sì mì.

Àga náà dé ilé màmá. Ẹ̀yìn rẹ̀ jìn kòtò, apá rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ; ẹni tí kò bá mọ̀dí á rò pé ọmọdé ló kàn án. Màmá jókòó. Ó sún díẹ̀, iké rẹ̀ wọ inú kòtò náà, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé òun tàga-tàga lọ sójú fèrèsé. Ibẹ̀ ló wà dọ̀sán, tó ń kí àwọn tó ń kọjá, tó ń bi ọkùnrin kan tó dé fìlà tuntun léèrè bóyá ìyàwó ló fẹ́ lọ wá.