Igbà Tuntun Obadiah

Gbogbo ẹni tó ń gun ọ̀pẹ ní Ìlọrà ló mọ òfin yìí: bí wọ́n bá hun igbà tuntun, ẹni tó hun ún ni yóò kọ́kọ́ fi gun ọ̀pẹ dé orí, kó tó gbé e fún ẹni tó ni ín. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Àbọ̀dé fi ń hun igbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì fo òfin náà. Igbà àbúrò rẹ̀ ni.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Láti ọdún Àjíǹde 1991, kété kó tó hun igbà yìí, ni òyì ti ń kọ́ ọ bó bá ti gòkè díẹ̀, ojú sì ń tì í láti sọ. Ìgbéraga lásánlàsàn. Ó gbé igbà fún Obadiah níwájú ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Mo ti fi gùn."

Orí ọ̀pẹ àkọ́kọ́ tí Obadiah fi gùn ló ti já bọ́. Ibi tí Àbọ̀dé ti so okùn pọ̀ ló tú. Àbọ̀dé ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó rí i, ó sì dáná sun igbà náà kí èrò tó pé. Ó wá sọ fáyé pé àbúrò òun ni ò so igbà dáadáa mọ́ ìdí ọ̀pẹ. Wọ́n gbà á gbọ́.

Ẹ̀yìn Obadiah kán. Ọdún kan gbáko ló fi wà lórí ẹní, tí Beatrice ìyàwó rẹ̀ ń yí i sọ́tùn-ún sósì, tí àwọn ọmọ kékeré sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ igbà á so. Nígbà tí Obadiah kọ oúnjẹ, Beatrice ránṣẹ́ pe Àbọ̀dé.

Àbọ̀dé jókòó, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú Beatrice.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," Obadiah dáhùn. "Igbà tí wọ́n bá ti fi gun ọ̀pẹ, èèpo ọ̀pẹ máa ń há sí i lára. Tèmi mọ́ tónítóní."

"Kí ló wá dé tó o fi gùn ún?"

"Ẹ ní ẹ ti fi gùn. Ṣé kí n pè yín ní òpùrọ́ níwájú ìyàwó mi?" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo so ó dáadáa."

Àbọ̀dé ṣèlérí pé òun yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Obadiah kú ní ọjọ́ Jímọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Àbọ̀dé dìde láàárín ìjọ, ó sọ ọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Díákónì dì í mú, ó ní ìbànújẹ́ ló ń da ọpọlọ rẹ̀ rú, pé irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n láyé. Wọ́n ní kí ìjọ gbàdúrà fún un. Gbogbo wọn di ojú, àfi Beatrice.